Òkìtì Tí Kò Ní Ihò: Ìgbésí Ayé Lancelot Charlton, Ọdẹ Mólù

Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 1934 ni a bí bàbá wa, Lancelot Charlton, ní abúlé Harlow Burn, ní Northumberland, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdẹ mólù ni Ralph, bàbá wọn. Ẹranko dúdú kékeré yìí, tó ń gbẹ́lẹ̀ tó sì ń hú òkìtì sórí koríko, ló bọ́ ilé náà. Hannah, ìyá wọn, a sì máa fi awọ rẹ̀ rán ẹ̀wù.

Bàbá wa kàwé ní abúlé títí di 1948. Ìṣirò kò wọ̀ wọ́n létí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún ilẹ̀, wọ́n ti mọ ibi tí mólù ń gbà. Wọn a máa so èyí tí wọ́n bá pa mọ́ wáyà ọgbà, kí olóko lè rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Ní oṣù kẹrin 1958, Ọ̀gbẹ́ni Cuthbert Dodds ránṣẹ́ pè wọ́n nítorí koríko iwájú ilé rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi bàtà tẹ̀. Láàárín ọjọ́ márùn-ún, bàbá wa pa mólù mẹ́fà, iṣẹ́ parí. Inú wọn bàjẹ́ gidigidi. Winifred, ọmọbìnrin ilé náà, ti wọ̀ wọ́n lọ́kàn, Ọ̀gbẹ́ni Dodds kì í sì í gba ọ̀dọ́mọkùnrin láyè níbẹ̀ láìníṣẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, òkìtì tuntun yọ. Bàbá wa gún ìdí rẹ̀: kò sí ihò kankan. Wọ́n wo erùpẹ̀ náà fínnífínní, wọ́n rí àpá ṣíbí. Wọ́n dẹ pàkúté, wọ́n sì ń wá yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

"Ìwọ ọmọ Charlton yìí, ṣé ò ń pa wọ́n ni, àbí ò ń sìn wọ́n?" Ọ̀gbẹ́ni Dodds pariwo.

"Ẹ ṣe sùúrù, sà. Ẹyọ kan tó kù yìí, orí ẹ̀ pé jù!"

Winifred sá wọ ilé ìdáná lọ rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, bàbá wa gbé ṣọ́bìrì kékeré tuntun sórí òkìtì pẹ̀lú ìwé péńpé kan: "Winnie, ṣíbí ọbẹ̀ ò ṣeé gbẹ́lẹ̀. Ṣé wàá fẹ́ mi?" Ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n ti ṣègbéyàwó ní 1959. Ibẹ̀ náà ni bàbá wa ti ń kọrin kíkankíkan títí dọjọ́ alẹ́, bí ohùn wọn kò tilẹ̀ dára. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n sì fi ṣọ́ pápá ìṣeré abúlé lọ́wọ́ mólù lọ́fẹ̀ẹ́.

Wọ́n dágbére fáyé ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹwàá 2023, ní ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Wọ́n fi màmá wa Winifred, àwa ọmọ wọn, Alison àti Ralph, àti ọmọ-ọmọ márùn-ún sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, òkìtì kan yọ sí iwájú ilé màmá wa. Ralph mú ọ̀pá bàbá wa, ó gún un. Kò sí ihò. Alison sì rí ṣíbí ọbẹ̀ kan nílé ìdáná tí erùpẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́," ni màmá wa wí. "Bàbá yín ṣì lè wá yẹ̀ ẹ́ wò."

Ẹ sùn re o, Bàbá. Ilẹ̀ tí ẹ mọ̀ dunjú ló gbà yín mọ́ra.