Ewé Tí Mo Rà Nítorí Èémí Àbúrò Mi

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà
Àbúrò mi dé láàárọ̀ yìí pẹ̀lú báàgì kan. Ojú òsì ti dí pátápátá. Bẹ́líìtì ni ọkọ rẹ̀ fi nà án — orí irin rẹ̀. Ààrá ni mo máa ń pe ọkùnrin náà. Ọkọ̀ òkúta ló ń wà, ohùn rẹ̀ náà dà bí ẹrù tó ń já sílẹ̀. Láti kékeré ni ikọ́ fée ti ń bá àbúrò mi jà. Ààrá ju oògùn tó ń fín sẹ́nu sínú ṣáláńgá, ó wá jókòó, ó ń wò ó bó ṣe ń wá èémí. Ó ń jẹ ẹ̀pà lọ́wọ́. Ẹ̀pà.

Ìṣẹ́gun, 4
Yàrá kan ṣoṣo ni mo ní. Ibẹ̀ ni mo ti ń ránṣọ, ibẹ̀ náà la ń sùn. Ọ̀dà tí mo kùn lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣì ń rùn, eruku aṣọ ò sì lópin. Ó wúkọ́ ṣúlẹ̀. Nọ́ọ̀sì fún un lóògùn mìíràn, ó ní ká máa ṣí fèrèsé. Àbúrò mi kọ̀ jálẹ̀: títì ni fèrèsé kọjú sí, ọkọ̀ òkúta sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Mo ṣí i tipátipá. Ó wọ abẹ́ tábìlì. Mo tì í pa.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo lọ sọ́dọ̀ bàbá olódòdó tó ń ta ewé inú ìkòkò lẹ́yìn báńkì. Mo ti gbọ́ pé àwọn ewé kan wà tó ń fọ afẹ́fẹ́ inú ilé mọ́. Bàbá ní òun náà gbọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kí n má rò pé ewé mẹ́ta á ṣe iṣẹ́ fèrèsé kan. Wọ́n bi mí bóyá oòrùn ń wọlé, bóyá mo máa ń gbàgbé nǹkan. Mo ní ìgbàgbé ni wọ́n fi dá mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ọjá ìkookò fún mi: ewé gígùn, ó nà ró bí idà, kì í fẹ́ omi púpọ̀. Mo fi ahọ́n erin kan kún un, ewé rẹ̀ nípọn, oje kún inú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ní ilà funfun lára, ó ń ta ọmọ sílẹ̀ bí okùn. Ìyá Ọlọ́mọyọyọ ni mo sọ ọ́.

Àbámẹ́ta, 8
Àbúrò mi fi aṣọ tútù nu eruku ara ewé, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó sùn.

Ìṣẹ́gun, 11
Ọjá ìkookò ti ń jẹrà nídìí. Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́ ni àbúrò mi ń bomi rin ín — ìfẹ́ àfẹ́jù. Gbogbo ohun tí mo sọ ò ju pé ta ló rin ín tó báyìí. Ó ti kúnlẹ̀. Ó ti fi apá méjèèjì bo orí. Nítorí ewé. Mo jáde, mo fi ẹ̀ṣẹ́ lu ògiri títí ìka mi fi bó.
Nígbà tí mo padà wọlé, a tú u kúrò nínú ìkòkò, a gé gbòǹgbò tó ti rà. Òun ló di ọ̀bẹ mú. Ó ń gé e ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ lòun ṣe máa ń gé ọwọ́ ọkọ òun lójú àlá. Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Ẹtì, 14
Ìyá wa pè. Ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́. Sùúrù lérè — gbogbo orin yẹn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n tó sọ pé Ààrá wá sunkún níwájú àwọn, àwọn sì ti júwe ilé mi fún un. Mo pa fóònù. Mo fi ẹ̀rọ ìránṣọ dí ilẹ̀kùn.

Àìkú, 16
Wọ́n ti so apá òsì mi rọ̀. Ọwọ́ kejì ni màá fi kọ ọ́.
Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni Ààrá dé. Ẹsẹ̀ ló fi já ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ mi dojú délẹ̀. Ó gbé ahọ́n erin tìkòkòtìkòkò, ó sọ ọ́ lù mí léjìká. Mo gbọ́ tí egungun dún. Ó di irun àbúrò mi mú, ó wọ́ ọ nílẹ̀, ó gun àyà rẹ̀. Ó bu yẹ̀pẹ̀ ìkòkò, ó ń rọ́ ọ sí i lẹ́nu. Kò pariwo. Jẹ́jẹ́ ló ń sọ ọ́: "Ṣé afẹ́fẹ́ lo wá gbà níbí? Ó yá, jẹ ẹ́." Ètè àbúrò mi ti ń dúdú.
Sísọ́ọ̀sì ńlá tí mo fi ń gé aṣọ wà nílẹ̀. Mo fi gún un ní itan. Mo fà á yọ. Mo tún gún un. Ẹ̀jẹ̀ tú bí ẹ̀rọ omi tó bẹ́. Ó ṣubú. Àbúrò mi dìde, ó gbé ìkòkò Ìyá Ọlọ́mọyọyọ, ó fi ń lu ọwọ́ Ààrá, ó ń lù ú, ó ń lù ú, títí onígbàjámọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilé fi wá gbá a mú.

Ọjọ́rú, 19
Ààrá wà ní ọsibítù. Àwọn ọlọ́pàá wá. Ọ̀fun àbúrò mi ti bó, kò tíì lè sọ̀rọ̀, kò sì tíì lè fọ eyín. Èmi ní mi ò rántí ẹni tó di sísọ́ọ̀sì mú.
Ìyá wa dé. Wọ́n ní kí ọmọ wọn la ẹnu. Yẹ̀pẹ̀ ṣì wà láàárín eyín rẹ̀. Wọ́n ṣa àwọn ewé tó fọ́n ká, wọ́n gbìn wọ́n sínú garawa ọ̀dà, omijé wọn ń kán sí i.

Ẹtì, 21
Ààrá kú.

Àbámẹ́ta, 22
Nígbà tí mo jí, àbúrò mi ò sí lórí ibùsùn. Onígbàjámọ̀ ló gòkè wá sọ fún mi. Àgọ́ ọlọ́pàá ló ti ń bọ̀, ó lọ sọ ohun tó rí. Ó bá àbúrò mi níbẹ̀. Ó ti sọ fún wọn pé òun lòun gún ọkọ òun, ẹ̀ẹ̀mejì. Onígbàjámọ̀ ní kò wúkọ́ rárá bó ṣe ń sọ ọ́.
Mo wọ bàtà. Ìyá wa dìde, wọ́n lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí kò tíì nílẹ̀kùn, wọ́n na ẹsẹ̀ dí i. Wọ́n ní, "Èyí tó lọ ti lọ. Jẹ́ kí ọ̀kan ṣẹ́ kù fún mi."
Mo ní àbúrò mi ò gún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní àwọn mọ̀. Wọ́n ní òun náà mọ ohun tó ń ṣe, kí n má sọ ọ́ di asán.
Mo jókòó kọ èyí kí ara mi lè rọlẹ̀. Kò rọlẹ̀. Apá kan ni mo ní, Màmá ò sì wúwo. Tí mo bá kọ ọ́ tán, màá gbé wọn kúrò lójú ọ̀nà, bí wọ́n bá tilẹ̀ bù mí jẹ. Èmi ni mo gún un. Ẹnu mi ni kí àwọn ọlọ́pàá ti gbọ́ ọ.