Mo Jàre, Mo Dá Wà

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, ẹ bò mí láṣìírí.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Àbúrò kan níbi iṣẹ́ ń ṣe ojú ètò orí kọ̀ǹpútà kan tí àwọn èèyàn máa rí, èmi ń ṣe inú ẹ̀ tí wọn ò ní rí. A ti fẹnu kò lórí bí apá méjèèjì á ṣe máa bára wọn sọ̀rọ̀. Ló bá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká yí i díẹ̀, orí bébà ló ṣì wà." Mo fárígá: àdéhùn ni àdéhùn! A gbé ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá wa, ó ní mo jàre.

Látìgbà yẹn, "sà" ló ń pè mí. Ó ti gbé àga ẹ̀ lọ sẹ́bàá fèrèsé. Èmi nìkan ló ń jẹun ọ̀sán, mò ń wo ẹ̀yìn orí ẹ̀.

Ẹ̀yin olùgbọ́, irú àre wo lèmi jẹ yìí?