Táyà Tuntun Lẹ́sẹ̀ Kẹ̀kẹ́ Bàbá

Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan pọ́ǹpù kẹ́ ẹ tó ka ìwé yìí tán.

Bẹ́ ẹ ṣe jáde láàárọ̀ ni mo gbé kẹ̀kẹ́ yín lọ bá atúnkẹ̀kẹ́ṣe. Mi ò gbàyè lọ́wọ́ yín, ẹ má bínú. Ẹ̀yin náà lẹ ní ọwọ́ yín máa ń kú tipiri tẹ́ ẹ bá ti dé títì olókùúta yẹn. Ọkùnrin náà tẹ táyà wò, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ta ló fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i tó le báyìí? Irin ló ń gùn!" Mi ò dárúkọ yín.

Táyà tó fẹ̀ jù ló kọ́kọ́ gbé sí i, àmọ́ ó ń ha férémù. Ló bá mú èyí tó tẹ̀lé e, tí ara rẹ̀ rọ̀ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, á wọlé díẹ̀. Kò jò o! Ẹ má fẹ́ ẹ kọjá ibi tí mo fàmì pupa sí lójú pọ́ǹpù. Èmi ni mo gùn ún wálé, mo gba orí òkúta yẹn kọjá, àfi bíi pé mo jókòó sórí tìmùtìmù.

Màmá ò mọ̀ sí i rárá.

Ẹ gbàgbé fóònù yín sílé. Ẹni tó fẹ́ wá ra kẹ̀kẹ́ náà pè. Mo ní ẹ ti yí ọkàn padà, ẹ ò tà á mọ́. Ẹ dákun, ẹ gùn ún yí àdúgbò ká lẹ́ẹ̀kan péré, kí n má baà di òpùrọ́.

Àbígbẹ̀yìn yín