Ọkọ̀ Ojú Omi Tó Gbé Gìgísẹ̀ Mi Mì

Ọmọ mi àtàtà, ọkọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àti ọmọ-ọmọ mi kékeré tó jẹ́ pé inú gíláàsì fóònù nìkan ni mo ti mọ̀ ọ́n, tó máa ń sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ á fi bo gbogbo àwòrán? Olúwa á dá a sí fún wa. Iṣẹ́ rẹ ò ní bàjẹ́, ọ̀gá rẹ ò ní fi ojú burúkú wò ọ́, ẹsẹ̀ rẹ ò sì ní gbàgbé ọ̀nà ilé. Ṣe àmín èyí tó kẹ́yìn yẹn sókè dáadáa, torí òun gan-an ni àdúrà tí mo ń gbà.

Lẹ́tà ni mo kọ, mi ò pè. Ìgbà tí mo pè kẹ́yìn, o ní o wà ní mítìn. Ìgbà tí mo pè ṣáájú ìyẹn, mítìn náà ni. Mo bi àbúrò bàbá rẹ, mẹkáníìkì wa, pé irú àìsàn wo ni mítìn yìí tí kì í san, ó ní iṣẹ́ ni. Kú iṣẹ́ o. Ilé wà bó ṣe wà. Ajá wa ti bímọ sínú àpótí aṣọ mi. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ṣì ń jò, ṣùgbọ́n a ti gbé bàsíà sábẹ́ ẹ̀. Nígbà tí ọmọ wa ń wá ọkọ̀ ojú omi rà, kí ló kàn wá kan òrùlé?

Jẹ́ ká wá sọ ti iṣẹ́ tí o rán mi. O ní o rí ọkọ̀ kan lórí fóònù, pé ó ti dàgbà díẹ̀ ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò ga, pé ẹni tó ni ín ń gbé létí adágún odò tó wà nítòsí wa, kí n bá ọ lọ wò ó. O ní inú ikùn rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì wà, pé fáànù tó ń wa omi wà lábẹ́ pátápátá, kò ní gé ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Mo ní ìyẹn dára. Mo bi ọ́ pé ibo lo fẹ́ fi gbé e lọ. O ní kò síbì kan. O ní ọkọ̀ á kàn máa sáré lọ sáré bọ̀, á máa dá ìgbì sílẹ̀, ìwọ á wá dúró sórí pákó pẹlẹbẹ lẹ́yìn rẹ̀, ìgbì á máa tì ọ́ lọ. Mo ní ṣé ẹja lẹ ń lé ni, o ní rárá. Ọmọ tí a rán lọ sílé ìwé títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ta ilẹ̀kùn! Ó ra ọkọ̀ tán, ó wá dúró síta ọkọ̀. Èmi rò pé o lè ra mọ́tò náà, kí o máa sáré tẹ̀lé e lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n o ní ọjọ́ tí mo bá ti rà á ni wàá wálé wá gbé e. Láti ìgbà tí a ti sin bàbá rẹ, o ò tíì wálé. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló yé mi nínú gbogbo àlàyé rẹ.

Àbúrò bàbá rẹ fi alùpùpù gbé mi débẹ̀. Má-Fọwọ́-Kàn-Án ni àwọn aládùúgbò ń pe ẹni tó ń tà á, kò sì pẹ́ tí mo fi rí ìdí ẹ̀. Ó fi tapólì bo ọkọ̀ lẹ́yìn ilé, ó ń rọra ṣí i bí ẹni ń ṣí ojú ìyàwó tuntun. Ìwọ lo ní kí n kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, kí n rí i pé ó tutù, torí ẹni tó bá ti ṣíná sí i kí oníbàárà tó dé, ó ní ohun tó ń fi pa mọ́. Mo fọwọ́ kàn án, ọkùnrin náà sì kígbe. Ó tutù. Ọkùnrin náà yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó rú èéfín, ó wá ń kùn. Àbúrò bàbá rẹ yẹ ọ́ìlì rẹ̀ wò, ó ní omi ò wọ inú rẹ̀.

Mo ní kó fi wákàtí hàn mí, bí o ṣe wí. Ó nàka sí aago kékeré kan níwájú ọkọ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún lọ! Mo wo ojú ọ̀run, oòrùn ò tíì kan àtàrí. Mo ní bàbá, aago yín ti ya wèrè. Ó ní rárá, iye wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti fi ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é ni. Mo ní ta ló wá jókòó tì í tó ń kà á? Mo ní kó yọ owó aago tó bàjẹ́ kúrò. Ó wo àbúrò bàbá rẹ, àbúrò bàbá rẹ wolẹ̀. Ó yọ ọ́.

Abẹ́ àga ni mo ti wá mú un gan-an. Mo ṣí àga, mo bá àpò rọ́bà ńláńlá, omi kún inú wọn dẹ́múdẹ́mú. Ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, omi wà nínú ẹ̀! Ó ní òun ló mọ̀ọ́mọ̀ rọ ọ́ síbẹ̀, pé bí ọkọ̀ bá ṣe wúwo tó ni ìgbì rẹ̀ ṣe ń ga tó. Ẹ gbà mí o! Láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé ni ọlọ́kọ̀ ti ń gbọ́n omi síta, èyí ń bù ú wọlé. Mo ní ọkọ̀ rẹ̀ ń jò ni, ó wá kó omi jíjò náà sínú àpò kí oníbàárà má baà rí i. Mo ní kó dà á nù lójú mi. Ó dà á nù, ẹ̀yìn ilé rẹ̀ di ẹrẹ̀, bàtà rẹ̀ há sínú ẹ̀. Mo ní kó yọ owó jíjò. Ó jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó dorí mú, ó ní màmá, ẹ san iye tó bá wù yín, kẹ́ ẹ ṣáà máa lọ. Ìwọ tó kàwé, ṣé wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ rí?

Ó wá ku ìsàlẹ̀ ọkọ̀. O ní kí n bọ́ bàtà, kí n fi gìgísẹ̀ tẹ ibi gbogbo, pé bó bá rọ̀, pákó abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ti jẹrà nìyẹn, kí n má wulẹ̀ dúnàádúrà, kí n máa bọ̀ nílé. Mo tẹ iwájú, ó le. Mo tẹ àárín, ó le. Mo tẹ ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, gìgísẹ̀ mi rì bí ẹni tẹ búrẹ́dì. Àbúrò bàbá rẹ rí i, ó ní ó ti bàjẹ́, kí n sọ̀ kalẹ̀ ká máa lọ. Mo ní kó panu mọ́, kó san owó tí o fi ránṣẹ́ sí i. Ó tẹ fóònù, ó ní owó ti lọ. Mi ò rí nǹkan kan tó jáde níbẹ̀, ṣùgbọ́n Má-Fọwọ́-Kàn-Án rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́.

Má tíì bínú. Bí mo bá fi í sílẹ̀, kí lo tún máa wá ṣe nílé? Bó bá sì jẹ́ ọkọ̀ tó dára ni, ṣebí èmi ni mo bí ọ, mo mọ̀ ọ́: wàá dé láàárọ̀, wàá so ó mọ́ ìdí mọ́tò, kí n tó bu omi fún ọ, o ti rántí mítìn. Pákó tó jẹrà kì í rìnrìn àjò. Káfíńtà ti wá wò ó. Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ yọ àga, ká kápẹ́ẹ̀tì, gé pákó àtijọ́ kúrò, kí tuntun sì gbẹ dáadáa kí wọ́n tó kùn ún. Mo bi í pé ṣé ó lè yá, ó ní ó lè yá. Mo ní kó má jẹ́ kó yá.

Nítorí náà, fi owó pákó ránṣẹ́, àti owó ọ̀dà, àti owó páànù fún òrùlé yàrá ẹ̀yìn, torí ibẹ̀ lẹ máa sùn, mi ò sì fẹ́ kí omi tún máa wọ nǹkan tí mo bá ní. Ọ̀nà á là fún yín lọ, á là fún yín bọ̀. Ibi tí o bá dúró sí, ìbáà jẹ́ orí pákó lójú omi, o ò ní ṣubú.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, wọn ò sọ pé inú gíláàsì ló wà. Mú ọmọ yẹn wá, kó wá fi imú rẹ̀ kan ojú èmi fúnra mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó ra ọkọ̀.