Omi Abẹ́ Ilé Onítáyà

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹwàá 2024

Táàpù tún ń jò. Kàráfáànù, ilé onítáyà tí ìjọ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, tí a wọ́ dé ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ ní Ẹ̀gùá kí n lè máa ṣiṣẹ́ abẹ ojú nínú rẹ̀, táàpù kan ṣoṣo ló ní. Ibẹ̀ ni mo ti ń fọwọ́ kí n tó fọwọ́ kan ẹyinjú ẹnikẹ́ni. Mo ti sọ ọ́ ní Ẹlẹ́kún — tọ̀sán tòru, kì í dákẹ́. Omi náà kò kán sínú básìn. Ọrùn táàpù ló ti ń jò, ó ń gba ẹ̀yìn pákó ògiri sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń jáde níbi ihò kan nísàlẹ̀ ilé. Mo gbé korobá sábẹ́ ihò náà níta, kí ẹnu ọ̀nà má baà di ẹrẹ̀.

Òórùn kan wà níbẹ̀. Bí aṣọ tútù tí a ká sínú àpò fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó ń rí mi lára.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Kẹwàá

Iṣẹ́ abẹ mẹ́fà. Màmá Àrìnpé ló kẹ́yìn, àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ni wọ́n, abúlé wọn kò jìnnà sí ibí. Ojú òsì wọn ti fọ́ láti ọdún mọ́kànlá. Ọ̀tún nìkan ló kù, awọ funfun sì ti bò ó. Bí mo bá ba èyí jẹ́, kò sí òmíràn. Ó lọ dáadáa.

Lẹ́yìn náà mo ṣàlàyé fún gbogbo wọn lórí bẹ́ńṣì, bí ìṣe mi: omi kò gbọdọ̀ kan ojú náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹnìkan bi mí ìdí tí mo fi ń pẹ́ nídìí ọwọ́ fífọ̀. Mo mú wọn wọlé wá wo táàpù. Mo ní a ti fi oògùn pa kòkòrò inú omi yìí, ó mọ́ ju èyí tí wọ́n ń mu nílé lọ. Àlàyé gidi. Mo fẹ́ kí ènìyàn máa mọ ìdí nǹkan.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Kẹwàá

Mo ṣí bándéèjì Màmá Àrìnpé. Wọ́n wo Azeezat ọmọ wọn títí. "Yéè! Ṣé ìwọ náà ti hu ewú báyìí ni?" Azeezat ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Jẹ̀mílátù, nọ́ọ̀sì mi, náà ń sunkún. Èmi kò sunkún o. Mo kàn jáde díẹ̀ ni.

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Kẹwàá

Púlọ́ńbà dé — Abdulfatah. Mo ṣàlàyé fún un pé rọ́bà róbótó inú ọrùn táàpù ló ti jẹ, pé kó tú u, kó pààrọ̀ rẹ̀. "Dókítà, ẹ̀yin lẹ mọ ojú. Ẹ fi páìpù sílẹ̀ fún wa." Ó po gọ́ọ̀mù, ó fi dí i, ó fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ wé e bí ẹni ń di egbò. Ó gbẹ lójú rẹ̀. Kò tíì dé títì tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán.

Ọ̀gá Gọ́ọ̀mù. Orúkọ rẹ̀ nìyẹn láti òní lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Oṣù Kẹwàá

Ó ń jò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Kẹwàá

Aáyán yọ jáde lẹ́yìn pákó nígbà tí mo ń fọwọ́. Ó gun apá mi dé ìgúnpá. Mo fọ ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ń ṣe mí bíi pé ó ṣì wà níbẹ̀. Kò sí iṣẹ́ abẹ mọ́ títí a ó fi tú ògiri yẹn.

Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Kẹwàá

A tú u.

Mo fẹ́ kọ ọ́ bí mo ṣe rí i, kí n má baà fi ọ̀rọ̀ bò ó. Pákó náà ti rọ̀, ìka wọ inú rẹ̀ bí ẹni tẹ ẹ̀bà àná. Ó ti bu, dúdú níbì kan, àwọ̀ ewé níbòmíràn. Ọmọńlé méjì tó ti kú, tó wú, ìdin ń rìn lára wọn. Nǹkan kan tó ń yọ̀ bí ikun, ó so rọ̀ láti ọrùn táàpù títí dé ihò ìsàlẹ̀. Gbogbo omi tó ń jò, inú èyí ló ń gbà kọjá.

Abdulfatah fò sẹ́yìn. "Aúsùbílláhì! Dókítà, inú ibí lẹ ti ń la ojú ènìyàn?"

Mo sọ fún un pé omi tó ń bọ́ sí mi lọ́wọ́ kò dé ẹ̀yìn pákó. Òótọ́ ni. Síbẹ̀ mo lọ sẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, mo bì. Èmi tí mo ti ń la ojú fún ọdún mọ́kàndínlógún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Oṣù Kẹwàá

Táàpù ọjà wa kò bá ẹnu páìpù náà mu. Abdulfatah kọjá ẹnu ibodè sí Àjàṣẹ́, ó rí irú rẹ̀ gan-an rà. Lọ́tẹ̀ yìí ó fetí sílẹ̀: rọ́bà tuntun, ọwọ́ ló kọ́kọ́ fi dè é, sípánà tẹ̀ lé e. A sun pákó. A fi oògùn fọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ korobá sórí ààtàn.

Mo dúró tì í fún wákàtí kan. Kò kán rárá. Mo sọ orúkọ tí mo sọ táàpù náà fún Abdulfatah, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹlẹ́kún ti rí ọkọ fẹ́ nìyẹn, Dókítà."

Ọjọ́rú, 16 Oṣù Kẹwàá

Obìnrin mẹ́ta tí mi ò la ojú fún dúró lẹ́yìn kàráfáànù láàárọ̀, ìgò ọ̀rá lọ́wọ́ wọn.

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé omi ojú ti tán ni?"

Mo ní omi ojú wo?

"Èyí tó máa ń wà nínú korobá."

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn wá ṣàlàyé fún mi, pẹ̀lú sùúrù, bí èmi gan-an ṣe máa ń ṣàlàyé: wọ́n ń kán an sójú láàárọ̀, wọ́n ń kán an ní ìrọ̀lẹ́. Azeezat ló kọ́kọ́ bu tirẹ̀, fún ìyá rẹ̀.

Mo gun ọ̀kadà lọ bá Màmá Àrìnpé nílé. Ìpéǹpéjú Màmá ti wú. Ọyún. Ẹyinjú pọ́n bí ata, funfun sì ti jókòó sínú rẹ̀. Mo pariwo mọ́ Azeezat. Mo ní ṣé mi ò sọ pé omi kò gbọdọ̀ kàn án ni? Ẹ̀rù bà á. "Ẹ ní ká má fi omi kàn án, Dókítà. A ò fi omi kàn án. Omi tiyín ni."

Mo gún abẹ́rẹ́ sínú ojú náà kí oòrùn tó wọ̀. Mo yẹ àwọn márùn-ún yòókù wò. Ọ̀kan pọ́n díẹ̀, oògùn á ká a. Àwọn mẹ́rin kò bu omi náà. Ọ̀nà wọn jìn.

Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Kẹwàá

A ti gbé Màmá wá sí yàrá kan nínú ilé-ẹ̀kọ́. Oògùn ní wákàtí wákàtí, èmi àti Jẹ̀mílátù ń gbà á ṣe. Mo pe ọ̀gá mi ní Abẹ́òkúta. Ó ní kò sí ohun tí òun ìbá ṣe tí mi ò tíì ṣe.

Èmi ni mo gbé korobá yẹn síbẹ̀. Èmi ni mo mú wọn wá wo táàpù.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Oṣù Kẹwàá

Kò sí ìyàtọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Oṣù Kẹwàá

Jẹ̀mílátù gbé oúnjẹ wá, mo ní kó gbé e lọ. Bí mo bá ti gbọ́wọ́ sẹ́nu, òórùn ẹ̀yìn pákó ni mò ń gbọ́. Ara mi ń kó mi nírìíra.

Ọjọ́ Ajé, 21 Oṣù Kẹwàá

Ọyún ti gbẹ. Mo na ìka mẹ́rin sí Màmá lójú. "Mẹ́rin," ni wọ́n wí, kíá. Mo na méjì. "Méjì."

Ìgbà náà ni mo rí Azeezat. Ó jókòó lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lórí ẹní, ọwọ́ rẹ̀ wà ní ẹ̀yìn wọn, ìka rẹ̀ ń kàn wọ́n: ẹ̀ẹ̀mejì.

Mo sún mọ́ wọn, mo fi orí Màmá bo ọwọ́ mi kúrò lójú Azeezat. Mo na mẹ́ta. Màmá tún fi ẹ̀yìn ti ọwọ́ ọmọ wọn.

"Má bá a jà," ni wọ́n wí níkẹyìn. "Èmi ni mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Jẹ̀mílátù ní o ò jẹun láti ọjọ́ mélòó kan."

Mo bi wọ́n ohun tí wọ́n ń rí. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ìyẹn nìkan.

Mo sì ṣàlàyé. Pé ojú náà kò ní là mọ́. Pé èmi ni mo gbé korobá síbẹ̀, pé èmi ni mo sọ pé omi náà mọ́, ohun tó wà lẹ́yìn ògiri, ìdin, gbogbo rẹ̀. Mi ò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Azeezat fi ìborùn bojú. Màmá fetí sí i dé òpin.

"O ti parí?"

"Mo ti parí, Màmá."

"Azeezat, bu ẹ̀wà fún Dókítà."

Mo ní ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n ń wá mi kiri nínú afẹ́fẹ́ títí wọ́n fi di ọrùn ọwọ́ mi mú, wọ́n fà mí jókòó tì wọ́n. Mo jẹ ẹ̀wà náà. Ó ń ṣe bíi pé ó máa padà jáde, mo ń gbé e mì. Nígbàkígbà tí mo bá dá ṣíbí dúró, Màmá á dẹ etí sọ́dọ̀ mi.

"Mi ò gbọ́ ìró ṣíbí o."