Ọ̀dọ̀ Yín Ni Mo Dorí Kọ

Bàbá ọmọ mi,

Ìdáhùn ìbéèrè inú lẹ́tà yín tí mo jẹ yín ni kí n kọ́kọ́ san kí n tó kí yín: rárá, ẹ má gba ayálégbé sí yàrá mi, iye yòówù kó fẹ́ san. Mò ń bọ̀ wálé.

Ẹ kú ilé o. Ara mi le. Iná ọkọ̀ ojú omi ni mo ṣì ń tún ṣe. Omi iyọ̀ máa ń mú wáyà dípẹtà, èmi á sì fi ọ̀bẹ ha á mọ́. Iná jó ìka mi kan, ṣùgbọ́n àwọn yòókù ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ni mò ń sùn, kò sídìí láti náwó sí aṣọ òtútù.

Pupa ni iná òsì ọkọ̀, àwọ̀ ewé ni tọ̀tún; òun làwọn ọkọ̀ mìíràn fi ń mọ ibi tá a dorí kọ lóru. Lánàá, ọ̀rọ̀ yàrá yẹn gbà mí lọ́kàn, ni mo bá fi dígí ọ̀tún sí òsì, mo fi tòsì sí ọ̀tún. Ọ̀gá awakọ̀ pariwo: "Ìyá Oníná! Ẹni tó bá rí wa láti ẹ̀gbẹ́ á rò pé ibi tá a ti ń bọ̀ là ń padà sí!"

Mo ní, "Ọ̀gá, ká kúkú padà."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí mo fi nu ojú.

Bóyá bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń rí mi láti ilé. Ọ̀dọ̀ yín ni mo dorí kọ o.

Ẹ bá mi kí ìyá yín àtàwọn ọmọ. Ọkọ̀ wa máa gúnlẹ̀ sí èbúté tó kàn lỌ́jọ́bọ̀. Ọjọ́ náà ni mò ń retí èsì yín.