Irun Tí Mo Tú ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ojúlé Kẹrìnlá,
Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ Àìkú, 18 Oṣù Kẹjọ, 2024.
Òjò wínniwínni láti ìdájí. Oòrùn kò yọjú rárá.

Ifáyọ̀kẹ́, ọ̀rẹ́ tó di ìyekan mi,

Mo kí ọ kú òtútù àsìkò yìí. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Ṣakí? Bàbá Dáramọ́lá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Dáramọ́lá fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé èsì ìdánwò rẹ̀ ti jáde? Mo kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ láti òkèèrè. Ọlọ́run yóò dá wa sí fún ara wa.

Òrí tí o fi rán awakọ̀ dé ọwọ́ mi láìfọ́ láìdànù. Ewé tí o fi wé e kò tilẹ̀ tíì rọ. Ìwé ìdúpẹ́ lásán ni ó yẹ kí n kọ, ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀lé òrí náà ti gba oorun lójú mi. O mọ̀ pé láti ìgbà tí a ti jọ wà ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, n kì í gbé ọ̀rọ̀ mi síta. Ohun tó bá ń dùn mí, inú ìwé tí mo ń kọ lójoojúmọ́ ni mo ń kó o sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí lónìí, ìwé yẹn kò sì lè dá mi lóhùn. Awakọ̀ rẹ ní òun ń padà sí Ṣakí ní ìdájí ọ̀la, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí sí ọ.

Bí mo ti sọ fún ọ lórí fóònù, Obed ọkọ mi ti wà ní ilé ìwòsàn láti ìparí oṣù tó kọjá. Kókó kan ni wọ́n rí nínú ìfun rẹ̀. Dókítà ní àfi kí àwọn ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kí àwọn yọ kókó náà, kí àwọn tó lè mọ irú ohun tó jẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n dá. Ọkùnrin tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, tí ó máa ń fi ohun gbogbo ṣe ẹ̀rín, ti rù débi pé aago ọwọ́ rẹ̀ ń yí kiri lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀.

Láti ìgbà tí wọ́n ti dá a dúró síbẹ̀, n kò fọwọ́ kan irun mi. O mọ irú irun tí mo ní: ó gùn, ó sì fẹ́lẹ́ bí òwú aláǹtakùn. Irun tó ki lè fara da ìyà. Tèmi kò lè fara dà á. Bí n kò bá fún un ní òrí díẹ̀ àti òróró àgbọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, yóò gbẹ, yóò sì máa já láti ẹnu. Bí mo bá tún da òróró púpọ̀ jù sí i, yóò lẹ̀ mọ́ orí bí irun ọmọ tuntun. Obed ló mọ ìwọ̀n rẹ̀ jù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, òun ló máa ń fi ìlarun yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí yóò fi orí ìka kan ṣoṣo máa pa òróró sí ojú ìlà. “Irun mi” ló ń pè é. N kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí, àfi ìwọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí mo ń fún un lómi mu, ó na ọwọ́ sí ìpàkọ́ mi, ó ní, “Rachel, irun mi ti gbẹ. Ṣé gbígbẹ tèmi kò tó ni, tí ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ bá mi gbẹ?” Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n lọ tú u, kí n fún un ní òróró kí àwọn dókítà tó gbé òun wọlé. Mo ṣèlérí. Òrí rẹ sì dé ní ọjọ́ kejì, bí ẹni pé o gbọ́.

Lánàá, lẹ́yìn tí Ìkẹ́olúwa ọmọ wa ti gbé oúnjẹ lọ fún bàbá rẹ̀, mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mo tú gbogbo irun náà. Mo yọ́ òrí lórí omi gbígbóná bí o ti kọ́ mi, n kò jẹ́ kí iná kàn án. Mo pò ó mọ́ òróró àgbọn díẹ̀, mo sì fi pa irun náà láti ìdí dé ẹnu. O ní kí n jẹ́ kó mu òróró dáadáa kí n tó fọ̀ ọ́. Mo jẹ́ kó wà ní títú ní èjìká mi, mo ń gba afẹ́fẹ́. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Èmi tó ń ṣọ́ra nínú ohun gbogbo, n kò ronú kan ohun tí ọmọdé àdúgbò yìí pàápàá mọ̀. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ wà lórí àìsàn, tó wá jókòó tòun ti irun títú lójú mọmọ, ohun kan ṣoṣo ló ń sọ fún ẹni tó bá rí i.

Màmá Bẹẹrẹ, ìyá ọkọ mi, ló wọlé. Wọ́n gbé abọ́ ọbẹ̀ ẹja tí wọ́n sè fún ọmọ wọn lọ́wọ́. Wọ́n rí ẹ̀yìn mi kí n tó rí ojú wọn. Abọ́ náà já bọ́. Ifáyọ̀kẹ́, n kò gbọ́ irú igbe tí wọ́n ké rí. “Obed o! Obed mi o! Ayé ti pa mí o!” Mo dìde pé kí n dì wọ́n mú, irun náà sì dà bò mí lójú, bẹ́ẹ̀ ni mo wá jọ opó tán pátápátá. Mo ń pariwo pé, “Màmá, kò sí nǹkan, òróró ni, òróró ni!” Ta ni yóò gbọ́? Ìyábọ̀, aládùúgbò wa, ti sáré wọlé, ó ti ká ọwọ́ lérí. Kí n tó lè sọ gbólóhùn kan tán, ẹkún ti ń ràn láti agboolé dé agboolé, àwọn ọlọ́kadà ẹnu ọ̀nà wa sì ti gbé e dé Ọjà'ba.

Ìyábọ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mo ń sọ.  Ó wo orí mi, ó wo abọ́ òrí, ó ní, “Ìyá Ìkẹ́, ṣé òróró lẹ fi ń pa irun tí mo ti sunkún tó báyìí? Ẹ dá omijé mi padà fún mi o.” Màmá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n jókòó sílẹ̀ nínú ọbẹ̀ tó dànù, wọ́n ní, “Pè é. Kí n gbọ́ ohùn ẹ̀.”

Mo pè é. Ó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Àṣé Olúsànyà, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ti gbọ́ ìròyìn náà ní Ọjà'ba, ó sì ti pe fóònù Obed láti bá èmi opó kẹ́dùn. Obed fúnra rẹ̀ ló gbé e. Ó ní Olúsànyà béèrè pé, “Ta nìyẹn?” Òun sì dáhùn pé, “Òkú ni. Ta lo fẹ́ bá sọ̀rọ̀?” Ni Olúsànyà bá pa fóònù.

Nígbà tí mo wá rí i bá sọ̀rọ̀, mo gbé fóònù sí etí Màmá.  Wọ́n kàn ń mí sínú rẹ̀, títí ọmọ wọn fi sọ pé, “Màmá, èmi nìyí. Mi ò lọ síbì kankan.”

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí sínú ẹ̀rín. Kò parí síbẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, gèlè ni mo fi bo orí mi. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń béèrè ẹni tó sunkún òun jù ní àdúgbò. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, “Kọ ẹ̀yìn sí mi.” Mo kọ ẹ̀yìn sí i. Ó ká etí gèlè mi sókè. Ó ní, “O ò tíì dì í?” Mo ní òróró ṣì wà lára rẹ̀, pé irun fẹ́lẹ́ kì í ṣeé dì bó bá ń yọ̀. Ó ní, “Rachel, jọ̀ọ́. Dì í kí wọ́n tó gbé mi wọlé.” 

Èyí bà mí lẹ́rù ju igbe Màmá lọ. Ọkùnrin tó máa ń sọ fún gbogbo ayé pé kò sí ohun tí kò ní ìdí ló ń bẹ̀ mí kí n di irun mi, kí òun má baà kú. N kò gbà pé irun títú ló ń pa ọkùnrin. Mo mọ̀ pé kókó náà ti wà níbẹ̀ kí òrí rẹ tó kúrò ní Ṣakí. Síbẹ̀, bí ọwọ́ mi bá kan gèlè mi, tí mo sì rántí pé irun náà wà ní títú lábẹ́ rẹ̀, mo máa ń yára fà á wálẹ̀ sí etí. Ẹyin lohùn, wọ́n ní. Èyí tó bọ́ lánàá ti fọ́ káàkiri ìlú, ta ni yóò ṣà á?

Nígbà tí mo padà délé, Màmá ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ti nu ọbẹ̀ kúrò nílẹ̀. Wọ́n jókòó lórí àpótí, ìlarun mi wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ti tẹ́ ẹní síwájú. Wọ́n ní, “Wá jókòó. Ẹnu mi ló kéde ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ọwọ́ mi ni ó dì í padà.”

O mọ̀ pé láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé Oyèdélé, n kò fi orí mi fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìyá mi ló kì mí nílọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó pé irun bí èyí kì í ṣe ohun tí à ń gbé kalẹ̀ fún ẹbí ọkọ. Màmá náà sì ti sọ ọ́ rí ní ọdún tí mo dé, níwájú àwọn ìyàwó ilé, pé, “Irun Fúlàní ló wà lórí ìyàwó wa yìí, ẹ jẹ́ ká máa wò ó, bóyá á gbélé.” Ẹ̀rín ni wọ́n fi ṣe, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ní kí n wá kí àwọn bá mi dì í, àwáwí ni mo ń wí. Wọ́n mọ̀. Èmi náà mọ̀ pé wọ́n mọ̀.

Lánàá, mo tún wí àwáwí. Mo ní, “Màmá, ẹ má bínú, ó ṣì ń yọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fọ̀ ọ́ ná.” Wọn kò bínú. Wọ́n tú gèlè wọn. Ifáyọ̀kẹ́, n kò rí orí Màmá láìsí gèlè rí. Irun wà níhìn-ín, orí pá lọ́hùn-ún, bí oko tí ẹran jẹ. Wọ́n ní, “Tèmi náà gùn rí. Ọjọ́ tí bàbá Obed kú, àwọn obìnrin ilé tú u, wọ́n sì fá a ní gbígbẹ, láìsí omi, láìsí ọṣẹ. Obed wà lẹ́yìn mi, ó ń fa ìró mi, ó ń bi mí pé kí ni wọ́n ń ṣe fún mi. Àtìgbà náà ni kò ti hù dáadáa mọ́.” Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí wọn bí ẹni tí òtútù mú. “Nígbà tí mo rí tìẹ léjìká láàárọ̀ yìí, mi ò rí ọ rárá. Ara mi ni mo rí.”

Wọ́n wé gèlè wọn padà, wọ́n gbé ìlarun sórí ẹní, wọ́n sì gba inú òkùnkùn lọ sí Bẹẹrẹ. Wọn kò jẹ́ kí n sìn wọ́n dé títì.

Mo fọ irun náà lónìí lẹ́yìn ìsìn. Òrí rẹ ti ṣiṣẹ́: ó rọ̀, ó ń dán, kò já mọ́. Ó yẹ kí inú mi dùn. Mo ṣa gbogbo fọ́nrán tó wà lẹ́nu ìlarun, mo sun wọ́n gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, mo sì dá ìlarun padà sórí ẹní. Ìkẹ́olúwa ní òun lè dì í fún mi kíákíá, kí ọkàn bàbá òun lè balẹ̀. Mo jókòó síwájú rẹ̀. Ó fi ìka ya ìlà àkọ́kọ́, mo sì ní kó dúró. Kò yé e. Èmi náà, kò kọ́kọ́ yé mi.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí wọ́n bá gbé Obed wọlé, èmi àti ìyá rẹ̀ ni yóò jọ jókòó sórí àga gígùn ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, a ó máa wo ilẹ̀kùn kan náà. Bí ó bá jáde láàyè, Ọlọ́run jọ̀ọ́, a jọ ni ín. Bí kò bá sì jáde, ọwọ́ Màmá ni ọ̀rọ̀ orí mi yóò wà, bóyá wọn yóò fá a tàbí wọn yóò dá a sí. Ọwọ́ tí mo ti ń sá fún láti ọjọ́ tí mo ti délé ọkọ nìyẹn. Ẹ̀rù ọjọ́ náà bà mí débi pé n kò fẹ́ kọ jù báyìí lọ nípa rẹ̀.

Bá mi kí Bàbá Dáramọ́lá àti gbogbo ará ilé. Gbàdúrà fún Obed ní ọ̀nà tìrẹ. Èmi náà ń gbà á ní ọ̀nà tèmi. Má pè mí lórí fóònù kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, nítorí n kò ní lè fi ẹnu sọ ohun tí mo fi ọwọ́ kọ yìí.

Mo ti pinnu. Lọ́la, kí ọjà tó kún, n ó gba ìdí Màpó lọ sí Bẹẹrẹ, n ó mú ìlarun àti ìyókù òrí rẹ dání. N ó tẹ́ ẹní fúnra mi, n ó tú gèlè, n ó sì jókòó sí àárín orúnkún Màmá. Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n fi òwú kó o. Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n dì í ní ṣùkú. N kò ní yàn fún wọn. Bí òrí bá sì ṣẹ́kù, tí wọ́n bá gbà fún mi, n ó fi pa orí tiwọn.

N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìlarun náà ṣì wà lórí ẹní níbi tí wọ́n gbé e sí.

Ọ̀rẹ́ rẹ tó fọkàn tán ọ, tòun ti irun títú lábẹ́ gèlè,

Rachel Oyèdélé.